Ìpàdé Tí A Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Dìbò

Ẹni tí kò bá tíì rí àgbà ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó de táì, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ilé ìkàwé, kí àlejò láti Ìbàdàn sì máa kà á mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka iṣu lébè, onítọ̀hún kò tíì rí ìpàdé ẹgbẹ́. Èmi rí i. Kí n má purọ́, èmi gan-an ni mo dá a sílẹ̀! Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín a pa mí, ara mi a sì yá gágá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà ni, ojú gbogbo ayé sì ń tàn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti wọlé láti ọdún mélòó kan ṣáájú, àwọn ọmọ tó mọ̀wé kà ti kún ìgboro Ẹdẹ, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa kà bí ẹni tí ebi ń pa. Kánsù ṣí ilé ìkàwé kan fún ìlú, yàrá ńlá kan tó ní fèrèsé onípákó, bẹ́ǹṣì gbọọrọ, àti pẹpẹ ìwé yíká ògiri. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo ń lu òǹtẹ̀ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yá, èmi ni mo ń lé ewúrẹ́, èmi náà ni mo ń pariwo "Ẹ dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn!" tí ariwo tèmi á sì pọ̀ ju tiwọn lọ. Bàbá tó bí mi, ọmọ agboolé Mùsùlùmí àtijọ́ tó ń ṣòwò obì, kò mọ ìwé òyìnbó kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọn kì í sọ fún ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ọmọ mi ló ń ṣọ́ gbogbo ọgbọ́n òyìnbó tó wà ní Ẹdẹ."

Ọgbọ́n òyìnbó tí mò ń ṣọ́ yìí, igbákejì lásán ni mo jẹ́ nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ wa ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀, ìránṣẹ́ ìwé ni yóò máa jẹ́ títí irun rẹ̀ á fi funfun. Ẹni tó bá yege ni wọ́n ń pè ní láíbúrárìàn, òun ni wọ́n lè fi ilé ìkàwé lé lọ́wọ́. Àga ọ̀gá ilé ìkàwé tiwa sì ṣófo. Kánsù ti sọ fún mi gbangba pé bí mo bá yege nínú ìdánwò yẹn, tèmi ni. Bí n kò bá tètè yege, wọ́n á mú ẹlòmíràn wá láti ìta, èmi á sì máa bá olúwarẹ̀ lé ewúrẹ́. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ṣé mo máa gbà?

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìbàdàn nìkan ni kíláàsì ìdánwò náà wà, ní ọjọ́ Sátidé. Ọkọ mi ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní téṣàn réluwéè Ẹdẹ. Ẹ wo ìyà! Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn fún tọmọdé tàgbà, ìyàwó tirẹ̀ kò rí ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Mo pọn ọmọ mi, ọmọ ọwọ́ tó ṣì ń mu ọmú, mo wọ réluwéè, mo dé kíláàsì. Olùkọ́ ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọmọ fi figbe ta. Mo fún un lọ́mú, ó kọ̀. Mo gbé e jó, ó kọ̀. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n bọ́ síta. Mo dúró lábẹ́ fèrèsé títí wọ́n fi parí, mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní àbọ̀-àbọ̀, omijé ń bọ́ lójú èmi àti ọmọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò tún rí Ìbàdàn mọ́ títí yóò fi gbọ́njú. Bí ìwé bá fẹ́ ọ, kó wá bá ọ nílé." Mo bínú o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Àfi kí kíláàsì wá bá mi ní Ẹdẹ.

Ta ló lè mú un wá? Ẹgbẹ́ wa ni. Háà, ẹgbẹ́ yẹn! Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Gbogbo àwa tí à ń tọ́jú ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn la wà nínú rẹ̀. Olú ẹgbẹ́ wà ní Ìbàdàn, wọ́n sì pín gbogbo ilẹ̀ náà sí ẹ̀ka. Ẹ̀ka tiwa kó Ẹdẹ, Awo, Ìwó àti àwọn ìlú kéékèèké àárín wọn pọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kánsù, àwọn tíṣà tó ń tọ́jú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé níléèwé wọn, àti ẹnìkan tàbí méjì láti ilé ìwòsàn. A ní alága, a ní akọ̀wé, a ní akápò. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ń pàdé, ìlú kan lónìí, òmíràn lọ́jọ́ mìíràn, ìlú tó bá sì kàn ni yóò se oúnjẹ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé olú ẹgbẹ́ kò lè pàṣẹ fún ẹ̀ka. Ohunkóhun tí wọ́n bá mú wá, ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ dábàá nípa rẹ̀, òmíràn gbọ́dọ̀ kín in lẹ́yìn, gbogbo ilé á sì na ọwọ́. Ọwọ́ tó bá pọ̀ ló borí. Ọwọ́ ìránṣẹ́ àti ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀kan náà ni! Èmi ni akọ̀wé. Bí mo bá jókòó pẹ̀lú gègé mi níwájú wọn báyìí, n kì í gbé orí sílẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n a ti ṣe àṣìṣe kan láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ṣe é. Nígbà tí a fẹ́ yan alága, a wò yíká, a rí tíṣà wa àtijọ́. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n wá ń tọ́jú ilé ìkàwé iléèwé ìjọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa ni wọ́n ti kọ́ ní pírámárì. Wọ́n kọ́ mi, wọ́n kọ́ akápò, wọ́n kọ́ ọkọ mi. Ta la tún fẹ́ fi ṣe alága tí Bàbá wà ńbẹ̀? A pàtẹ́wọ́, a fi wọ́n jókòó.

Ìgbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ la tó mọ ohun tí a ṣe. Ta ló fẹ́ na ọwọ́ lòdì sí ẹni tó kọ́ ọ ní á-bí-dí, tó sì nà ọ́ lẹ́gba nígbà tí o ò mọ̀ ọ́n? Bí Bàbá bá ti dábàá, ẹnìkan á sáré kín in lẹ́yìn, gbogbo ọwọ́ á gòkè. Èmi á kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Bí ìpàdé bá sì ti tú, wọ́n á tò wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò níta. "Akọ̀wé, èmi ò fẹ́ nǹkan yẹn o." "Akọ̀wé, ẹ bá wa wá ọgbọ́n dá sí i." Ìpàdé ọlọ́wọ́ wà nínú ilé, ìpàdé ẹlẹ́nu wà lábẹ́ igi.

Ẹ jẹ́ n fún yín ní ẹyọ kan jẹ. Bàbá dábàá pé eruku ń ba ìwé jẹ́, kí a fi bébà àpò sìmẹ́ńtì bo gbogbo ìwé tó wà ní ẹ̀ka wa. Gbogbo ilé fọwọ́ sí i. A gbọn àpò, a gé e, a lẹ̀ ẹ́, a bò wọ́n. Nígbà tí a parí, gbogbo ìwé inú ilé ìkàwé di ọmọ ìyá kan náà! Ṣé a kọ àkọlé sára bébà náà? A ò kọ ọ́, torí pé àbá Bàbá kò sọ pé kí a kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bi wọ́n. Ọkùnrin kan wá yá ìwé ìtọ́jú adìẹ, ìwé ìṣirò ló gbé délé. Ọ̀rẹ́ wa kan, tíṣà onírùngbọ̀n láti Awo tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere wá sípàdé, ló ní, "Akọ̀wé, ilé ìkàwé wa ti di ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì." Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ló ti sọ ọ́ o! Nínú ilé, ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gòkè. Òun náà ni Bàbá máa ń ní kó lọ dúró ti ògiri bó bá pẹ́ dé. Baálé ilé, bàbá ọlọ́mọ, á lọ dúró ti ògiri, á ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Báyìí la wà tí ìròyìn fi dé láti Ìbàdàn. Akọ̀wé àgbà olú ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá bá wa ṣèpàdé ní Ẹdẹ fúnra rẹ̀. Èrò ti pọ̀ jù ní kíláàsì Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ ṣí òmíràn ní ẹ̀ka kan, ẹ̀ka kan ṣoṣo, tiwa ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ̀. Bí a bá dìbò pé a fẹ́ ẹ, Ẹdẹ ni yóò wà, nínú ilé ìkàwé tí mo ń ṣí láràárọ̀! Bí a bá kọ̀, ẹ̀ka mìíràn ń dúró.

Mo pariwo. Mo jó. Mo gbé ọmọ sókè, mo tún jó. Ọkọ mi ti téṣàn dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ jó nínú àgbàlá. Ó ní, "Ṣé ìyàwó ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá fún mi ni?"

Mo ní, "Kíláàsì ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá fún mi!"

Òun náà sọ fìlà réluwéè rẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi jó. Ìyá ọkọ mi ní orí àwa méjèèjì ti yí.

Láti ọjọ́ náà ẹsẹ̀ mi ò lélẹ̀. Mo gbá ilé ìkàwé, mo nù ún, mo bó bébà sìmẹ́ńtì kúrò lára àwọn ìwé tó lẹ́wà jù kí àlejò lè rí àwọ̀ díẹ̀. Mo sì lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹ fẹ́ kíláàsì?" "Ìbéèrè wo nìyẹn? A fẹ́ ẹ kẹ̀!" Onírùngbọ̀n Awo tiẹ̀ fi ìka kanlẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó ní òun fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ. Gbogbo wọn pátá ló fẹ́ ẹ. Ẹnìkan ṣoṣo ni n kò bi léèrè. Ta ló máa lọ bi Bàbá bóyá wọ́n fẹ́ kíláàsì? Tíṣà! Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń bi ẹja bóyá ó fẹ́ omi.

Ọjọ́ ìpàdé pé. A se ìrẹsì, a pa adìẹ. Àlejò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wéréwéré. Ó tẹríba fún Bàbá, ó kí gbogbo wa dáadáa, ọkàn mi balẹ̀. Ó ṣàlàyé bí kíláàsì náà ṣe máa rí: òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá kọ́ni. Ó ní ẹ̀ka tó bá ti gbà á, ibẹ̀ náà ni gbogbo ọmọ ẹ̀ka yẹn gbọ́dọ̀ máa lọ, Ìbàdàn ò ní gbà wọ́n mọ́, kí ààyè lè gba àwọn tó kù. "Mi ò wá pàṣẹ fún yín," ló wí. "Ìbò yín ni mo wá kà."

Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ará Awo ṣẹ́jú sí mi. Mo ti ki gègé bọ yíǹkì, mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé gbogbo ilé fọwọ́ sí i, èmi aláṣejù.

Bàbá dìde. Wọ́n tún gíláàsì ojú wọn ṣe.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ olú ẹgbẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọjà tí à ń kiri. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀, kó dìde lọ bá a níbi tó wà. Ìbàdàn ni kíláàsì wà, ibẹ̀ ni ìwé pọ̀ sí. Mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa má gba èyí. Kí ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sí Ìbàdàn."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Mo wo akápò, obìnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ kàwé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ẹnìkan kín àbá náà lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Àlejò ní kí àwọn tó bá fọwọ́ sí i na ọwọ́. Mo jókòó, mò ń wò ó bí àwọn ọwọ́ náà ṣe ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ wọn. Àwọn tó fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ! Ọwọ́ Awo gòkè. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n ju gègé lù ú. Tèmi nìkan ló wà nílẹ̀, àlejò sì rò pé nítorí pé mò ń kọ̀wé ni. Ọmọ mi ń ké níta lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Mo gbọ́ ọ, ó sì ṣe mí bíi pé mo tún ti wà lábẹ́ fèrèsé Ìbàdàn yẹn.

"Ṣé ẹnikẹ́ni lòdì sí i?" ni àlejò bi wá. Ó ti ń pa ìwé rẹ̀ dé, nítorí pé ìbéèrè òfin lásán ni. Ní ẹ̀ka tiwa, a kì í tilẹ̀ dúró de ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dìde. Mo la ẹnu, mo wo ojú Bàbá, ẹnu mi padé. Mo tún là á, ó tún padé. Ẹ gbọ́, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò lè dúró gbọin, kó wo tíṣà rẹ̀ lójú, kó wá ní òun kọ̀. Ara mi kò gbà á. Orúnkún mi ló gbọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu mi:

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo lòdì."

Eṣinṣin tó ń fò lórí ìrẹsì là ń gbọ́.

Àlejò ní, "Màdáámù, ẹ dìde o. Òfin ẹgbẹ́ ní kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ wà ní ìdúró."

"Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá dìde, kò ní lè jáde lẹ́nu mi."

Bàbá bojú wò mí láti òkè gíláàsì wọn. "Kí ni kò ní lè jáde?"

"Pé mi ò fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, sà."

Kí wọ́n tó rí nǹkan kan sọ, mo ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ ti ọmọ, mo sọ ti fèrèsé Ìbàdàn, mo sọ ti àga tó ṣófo tí wọ́n fẹ́ gbé fún àjèjì. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níwèé, sà. Ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ síbẹ̀."

Mo wá gbọ́ gbì lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Ará Awo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, táì rẹ̀ nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Sà," ló wí sínú sìmẹ́ńtì, "èmi náà lòdì." Kò tíì sọ ọ́ tán tí akápò kúnlẹ̀ tì mí. Ni bẹ́ǹṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ró, gbà, gbà, gbà! Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀, àwọn ará Ìwó tó jókòó sẹ́yìn ò tiẹ̀ rí ààyè, wọ́n ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí ibi dojú bolẹ̀. Orí mi wú! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ dìde kí n jó, ṣùgbọ́n ta ló ń jó lórí ìkúnlẹ̀?

Àlejò wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ jọ̀wọ́," ló wí, "ṣé ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀ ni, àbí ìbò lẹ̀ ń dì?"

Ará Awo dá a lóhùn láti ilẹ̀, kò gbórí. "Ìbò ni, sà. Ẹ kà wá."

"Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ tán!"

"Ọwọ́ nìyẹn, sà. Ara wa rèé."

Ó sì kà wá! Ó ń rìn láàárín wa, ó ń yà fún ẹsẹ̀ eléyìí, ó ń yà fún fìlà onítọ̀hún, ó ń fi ìka kà wá. Ó wo ìwé òfin ẹgbẹ́ níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní òun ò rí i kà níbì kankan pé ìdọ̀bálẹ̀ kò lè jẹ́ ìbò. Àbá Bàbá ṣubú, kíláàsì di tiwa. Nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Bàbá nìkan ló wà ní ìdúró.

"Ẹ dìde," ni wọ́n wí. Kò sẹ́ni tó mira. "Mo ní kí ẹ dìde! Ẹ̀yin lẹ borí." Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n kí àlejò, wọ́n jáde.

Ayọ̀ abara tíńtín! A fò mọ́ra wa. Ará Awo ń gbọn eruku kúrò láyà kóòtù rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé òun láyà tó bẹ́ẹ̀, akápò dá a lóhùn pé ilẹ̀ ló fún un láyà. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, mo sọ fún un létí pé Ìbàdàn ti tán lọ́rọ̀ wa. Ìyá ọkọ mi ní, "Ṣé ìwé náà wá bá ọ nílé?" Mo ní ó ti dé o, Màmá! Ṣùgbọ́n àwo ìrẹsì tí a bù fún Bàbá ṣì wà lórí tábìlì, wọn ò fọwọ́ kàn án, n kò sì lè jẹ tèmi tán.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi lọ tọrọ àforíjì nílé wọn. Ìyàwó wọn pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní Bàbá ò sí nílé. Láti inú yàrá la ti gbọ́ ohùn Bàbá fúnra wọn: "Sọ fún wọn pé n ò tíì dé!" Ọkọ mi bu ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, a bẹ ilẹ̀kùn, a padà sílé. Ó dùn mí o. Ẹni tó là mí lójú, mo ti bá wọn ṣe àtakò níwájú àlejò, wọn ò sì fẹ́ rí mi mọ́.

Sátidé àkọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi yọ̀! Ilé ìkàwé kún. Àwọn ará Ìwó wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ará Awo ló kọ́kọ́ dé, ó ní torí pé òun fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ọmọ. Bó bá ké, màá jáde, màá fún un lọ́mú, màá padà wọlé wá gbọ́ ìyókù. Nítorí náà, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Kí ẹ má baà máa dààmú, mo yege nígbẹ̀yìn, mo sì jókòó lórí àga yẹn títí ó fi gbó. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Olùkọ́ wa, àlejò ọjọ́sí láti Ìbàdàn, ti ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí Bàbá wọlé.

Gbogbo wa fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ káàárọ̀, sà!" Bí ọmọ pírámárì. Olùkọ́ pàápàá sọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó fẹ́ fi àga rẹ̀ lọ̀ wọ́n. Bàbá mirí, wọ́n ní kí a jókòó. Wọ́n ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, níbi tí mo wà. Mo rò pé wọ́n wá sọ fún mi níwájú gbogbo èèyàn pé àwọn ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí mi. Mo tún kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú sí mi."

"Sún," ni wọ́n wí.

"Sà?"

"Mo ní kí o sún. Ṣé ìwọ nìkan lo ni bẹ́ǹṣì ni?"

Mo sún. Wọ́n jókòó. Wọ́n yọ ìwé àjákọ tuntun nínú àpò agbádá, wọ́n yọ pẹ́ńsù tí wọ́n ti gbẹ́ lẹ́nu dáadáa láti ilé, wọ́n tò wọ́n síwájú ara wọn. Mo ń wo ìwé, mo ń wo Bàbá. Ìwé ẹ̀rí tíṣà wọn, gbogbo ìlú ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ilé ìkàwé? Ta ló bi wọ́n rí? Wọ́n ti jẹ́ alága lórí wa láti ọjọ́ tí ẹ̀ka ti wà, kò sì wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé ìdánwò tí à ń lé kiri yìí, Bàbá náà ò tíì yege nínú rẹ̀.

"Mo ti forúkọ sílẹ̀ sí kíláàsì ti Ìbàdàn tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí. Ohùn wọn kò kọjá etí mi, ojú wọn ò sì kúrò lára pátákó. "Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀? Bí mo bá ṣì í, ta ló máa sọ ọ́ dé ilé? Ìwọ lo wá kúnlẹ̀, tí gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, Ìbàdàn ò sì gbà mí mọ́. Mo wá di ẹni tó ń jókòó sí kíláàsì lójú àwọn ọmọ tí mo fi ẹgba kọ́."

Omi lé sí mi lójú. N kò tíì rí Bàbá bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Sà, kò sẹ́ni tó máa fi yín rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Wọ́n yíjú sí mi. Ìbéèrè gidi ni, wọ́n fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu mi.

"Ó dá mi lójú, sà."

Wọ́n mú pẹ́ńsù. Wọ́n wo pátákó, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún wo pátákó. Níkẹyìn wọ́n fi ìgúnpá tọ́ mi.

"Kí ló kọ síbẹ̀ yẹn? Ojú mi ò gbé e láti ẹ̀yìn níbí."

Mo fẹnu sí wọn létí, mo kà á fún wọn wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.